Ìkọlù Òjijì àti Ìparí Àìdásí Ogun: Agbègbè Àárín Ìwọ̀ Oòrùn, Ọ̀rẹ̀ àti Gúúsù Èkìtì ní Ọdún 1967

Ìfáárà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ogun àwítẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n. Ogun tí a ti rí èéfín rẹ̀ láti òkèèrè ni òwe yìí ń bá wí. Èyí tí a fẹ́ yẹ̀ wò nínú iṣẹ́ yìí ni ogun tí ẹnikẹ́ni kò wí tẹ́lẹ̀, tí ó já lu àwọn èèyàn tí wọ́n ti sọ ní gbangba pé àwọn kò bá ẹnikẹ́ni jà. Ìbéèrè wa ni pé, kí ni ìkọlù òjijì máa ń ṣe sí irú àwọn èèyàn bẹ́ẹ̀? Ṣé òun ni ó ń fà wọ́n wọ inú ogun ní tòótọ́, àbí ńṣe ni ó kàn ń ṣí aṣọ lójú ibi tí wọ́n ti dúró sí tẹ́lẹ̀?

Ogun abẹ́lé Nàìjíríà, tí wọ́n jà láti ọdún 1967 títí di ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1970, ni a ó fi ṣe àpẹẹrẹ. A mọ̀ọ́mọ̀ mú un ni. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ olùkọ́ni tí wọ́n wá láti Ìkẹ́rẹ́, Ìsẹ̀, Emùré àti àwọn ìlú tó yí wọn ká ni wọ́n ka ogun náà sí ìjà Hausa àti Ìgbò, èyí tí wọ́n jà ní òdìkejì Odò Ọya, tí kò kan ilé bàbá wọn. Àwòrán ilẹ̀ kò ti irú èrò bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn. Bí ẹyẹ bá fò tààrà láti Emùré, yóò dé Ìbìní kí ó tó dé Ìbàdàn. Ọ̀rẹ̀, níbi tí àwọn ọmọ ogun Biafra ti dúró ní oṣù Ògún ọdún 1967, sún mọ́ Ìkẹ́rẹ́ ju Ìbàdàn lọ. Ẹni tí ó bá gba Ọ̀rẹ̀, tí ó kọjú sí àríwá, tí ó gba Oǹdó kọjá, Àkúrẹ́ ni yóò bọ́ sí. Lẹ́yìn Àkúrẹ́, Ìkẹ́rẹ́ ni ẹnu ọ̀nà Èkìtì.

Kí ni à ń pè ní àìdásí?

Ó yẹ kí á kọ́kọ́ la ọ̀rọ̀ yìí yé ara wa, nítorí oríṣiríṣi nǹkan ni àwọn èèyàn ń fi pè. Àìdásí kì í ṣe àìbìkítà. Ẹni tí kò dá sí ìjà lè ní ojúrere sí apá kan nínú ọkàn rẹ̀. Ohun tí ó kọ̀ ni láti fi ọwọ́, owó tàbí ilẹ̀ rẹ̀ ran ìjà náà lọ́wọ́. Àìdásí sì ní orísun méjì, ó kéré tán. Ọ̀kan jẹ́ ti òfin: ìwé àdéhùn ni ó gbé e ró, bíi ti orílẹ̀-èdè Belgium, tí àwọn alágbára Yúróòpù ti fọwọ́ sí i láti ọdún 1839 pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi ilẹ̀ rẹ̀ ṣe ojú ogun. Èkejì jẹ́ ti ọ̀rọ̀ ẹnu àti ti ìnira: ẹni tí ó wà láàrin àwọn alágbára méjì, tí kò ní ohun ìjà tó, tí ilé rẹ̀ fúnra rẹ̀ kò sì fìdí múlẹ̀, ni ó ń sọ pé òun kò bá wọn dá sí i.

Ti Belgium ni gbogbo ayé mọ̀ jù. Ní ọjọ́ 4, oṣù Ògún, ọdún 1914, àwọn ọmọ ogun Jámánì wọ ilẹ̀ rẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì, tí ó wà lára àwọn tí wọ́n fọwọ́ sí ìwé 1839, gbé ogun dìde sí Jámánì lọ́jọ́ náà gan-an. Bí Gẹ̀ẹ́sì ti wọ ogun ni Nàìjíríà wọ ọ́, tí a kò bi wá léèrè, tí wọ́n sì ń kó àwọn ọmọ wa lọ sí Kamẹrúùnù àti ìlà oòrùn Áfíríkà. Bákan náà ni ó rí ní ọdún 1941. Nígbà tí Japan ju bọ́ǹbù lu Pearl Harbor ní ọjọ́ 7, oṣù Ọ̀pẹ, Amẹ́ríkà kò tíì wọ ogun, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti ń fi ohun ìjà ran Gẹ̀ẹ́sì lọ́wọ́. Ní ọjọ́ kejì, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin rẹ̀ dìbò láti jagun. Ẹnìkan ṣoṣo ni ó kọ̀, obìnrin kan tí ń jẹ́ Jeannette Rankin. Ogun tí Japan ń jà bọ̀ ní Éṣíà nígbà náà ni ó gbé ẹgbẹ́ ọmọ ogun kọkànlélọ́gọ́rin àti kejìlélọ́gọ́rin ti Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà dé Bọ́mà.

Ìdìbò ọjọ́ kejì yẹn ṣe pàtàkì sí ohun tí a ń bọ̀ wá sọ. Ìkọlù ni ó ṣí ilẹ̀kùn, ṣùgbọ́n àwọn èèyàn náà ni wọ́n fi ẹsẹ̀ ara wọn rìn wọlé. Kì í ṣe gbogbo ẹni tí wọ́n já lu lójijì ni ó rí àyè bẹ́ẹ̀.

Àwọn méjì tí wọ́n dúró láàrin

Títí di ọdún 1963, abẹ́ ìjọba kan náà ni Èkìtì àti Ìbìní wà, ìyẹn Agbègbè Ìwọ̀ Oòrùn tí olú-ìlú rẹ̀ jẹ́ Ìbàdàn. Ìdìbò tí wọ́n ṣe ní ọjọ́ 13, oṣù Agẹmọ, ọdún náà ni ó ya Ìbìní àti Delta sọ́tọ̀ gẹ́gẹ́ bí Agbègbè Àárín Ìwọ̀ Oòrùn. Ní ti ìtàn àtẹnudẹ́nu, a kò lè ya wọ́n tó bẹ́ẹ̀. Ìtàn Ìkẹ́rẹ́ fúnra rẹ̀ sọ pé ọdẹ ọmọ ọba láti Ìbìní ni Ògògà àkọ́kọ́, ó sì bá Olúkẹ́rẹ́ níbẹ̀. Nítorí náà, bí a bá ń sọ̀rọ̀ nípa Ìbìní ní gúúsù Èkìtì, kì í ṣe ilẹ̀ òkèèrè ni à ń sọ.

Lẹ́yìn ìdìtẹ̀gbàjọba méjèèjì ọdún 1966 àti ìpakúpa àwọn Ìgbò ní Àríwá, orílẹ̀-èdè pín sí ọ̀nà méjì, Gowon ní Èkó, Ojukwu ní Enugu. Àwọn agbègbè méjì ni wọ́n wà láàrin tí wọn kò fẹ́ kí ó di ogun. Gómìnà ológun Àárín Ìwọ̀ Oòrùn ni David Ejoor, ọmọ Urhobo. Ti Ìwọ̀ Oòrùn ni Robert Adéyínká Adébáyọ̀, ọmọ Ìyìn-Èkìtì. Àwọn méjèèjì wà ní Aburi, ní Gánà, ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún 1967, níbi tí wọ́n ti wá àlàáfíà tì.

Kí akẹ́kọ̀ọ́ tó lè mọ ìdí tí Ìwọ̀ Oòrùn fi ń lọ́ra, ó gbọ́dọ̀ rántí ọjọ́ 29, oṣù Agẹmọ, ọdún 1966. Ọjọ́ yẹn ni àwọn ọmọ ogun tí wọ́n wá láti Àríwá mú Adékúnlé Fájùyì ní Ìbàdàn pẹ̀lú àlejò rẹ̀, Aguiyi-Ironsi, tí wọ́n sì pa àwọn méjèèjì. Ọmọ Adó-Èkìtì ni Fájùyì; ọ̀nà tí ó ti Ìkẹ́rẹ́ dé Adó kò gùn rárá. Adébáyọ̀, ọmọ Èkìtì mìíràn, ni ó gba ipò rẹ̀. Ọgbẹ́ náà ṣì tutù ní Èkìtì ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1967. Àwọn aṣáájú Yorùbá ń béèrè pé kí wọ́n kó àwọn ọmọ ogun Àríwá kúrò ní Ìbàdàn àti Abẹ́òkúta. Ní ọjọ́ 1, oṣù Èbìbì, Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ kéde pé bí wọ́n bá jẹ́ kí Ìlà Oòrùn lọ, Ìwọ̀ Oòrùn àti Èkó náà kò ní dúró. Ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀ ni ó kó ikọ̀ alárinà lọ bá Ojukwu ní Enugu. Ọ̀jọ̀gbọ́n Sam Àlúkò, ọmọ Òde-Èkìtì, wà nínú ikọ̀ náà. Jereton Mariere àti J.I.G. Onyia, ọmọ Àárín Ìwọ̀ Oòrùn, wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ẹ kíyè sí i: Ìwọ̀ Oòrùn àti Àárín Ìwọ̀ Oòrùn ni wọ́n jọ lọ ṣìpẹ̀.

Ìpẹ̀ náà kò wọlé. Ní ọjọ́ 27, oṣù Èbìbì, Gowon pín Nàìjíríà sí ìpínlẹ̀ méjìlá. Ní ọjọ́ 30, Ojukwu kéde Biafra. Ní oṣù Òkúdù, Awólọ́wọ̀ wọ ìjọba àpapọ̀ gẹ́gẹ́ bí igbákejì alága ìgbìmọ̀ aláṣẹ àti kọmíṣánnà ètò ìnáwó. Nígbà tí ìbọn àkọ́kọ́ dún ní ọjọ́ 6, oṣù Agẹmọ, ìjọba àpapọ̀ pe ohun tí ó ń ṣe ní iṣẹ́ ọlọ́pàá lásán, kì í ṣe ogun.

Ejoor ní tirẹ̀ dúró lórí ọ̀rọ̀ rẹ̀: kò sí ẹni tí yóò fi Àárín Ìwọ̀ Oòrùn ṣe ojú ogun. Kò fẹ́ kí Èkó gba ibẹ̀ kọjá lọ kọlu Biafra láti Àsábà, kò sì fẹ́ kí Biafra gba ibẹ̀ wá. Ohun tí ó fà á kò ṣòroó rí. Edo, Urhobo, Ìtsẹ́kírì, Ìjọ́ àti àwọn tí ń sọ èdè Ìgbò ní apá Àsábà àti Agbor ni wọ́n jọ ń gbé agbègbè náà. Nínú àwọn ọ̀gá ọmọ ogun díẹ̀ tí ó wà ní Ìbìní, àwọn tí wọ́n ń sọ èdè Ìgbò ni wọ́n pọ̀ jù. Bí gómìnà náà bá gbè sẹ́yìn apá kan, ilé rẹ̀ gan-an ni yóò kọ́kọ́ gbiná. Ní èrò tiwa, òótọ́ inú ni àìdásí Ejoor, ṣùgbọ́n kò ní eyín. Belgium ní ìwé àdéhùn, ó ní odi, ó ní ọmọ ogun tí ó dá Jámánì dúró díẹ̀. Ejoor kò ní ju ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ lọ.

Ọjọ́ 9, oṣù Ògún

Ní òpin oṣù Agẹmọ, nǹkan kò rọgbọ fún Biafra. Nsukka ti bọ́ lọ́wọ́ wọn, Bonny náà sì ti bọ́. Wọ́n nílò ohun tí yóò fa ọmọ ogun àpapọ̀ kúrò ní ẹ̀yìn Enugu. Ní òwúrọ̀ kùtùkùtù ọjọ́ 9, oṣù Ògún, àwọn ọmọ ogun Biafra fi ọkọ̀ gba orí afárá tí ó so Onitsha pọ̀ mọ́ Àsábà, wọ́n sì wọ Àárín Ìwọ̀ Oòrùn. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, Ìbìní ti wà lọ́wọ́ wọn, bẹ́ẹ̀ sì ni ó lé ní 100 kìlómítà láti Àsábà dé ibẹ̀. Ìjà tó ṣe gúnmọ́ kò wáyé. Àwọn kan nínú àwọn ọ̀gá ológun tí ó wà níbẹ̀ ti mọ̀ sí i. Warri, Sapele, Agbor àti Auchi tẹ̀ lé e. Ejoor fara pamọ́ nínú ìlú kí ó tó rí ọ̀nà bọ́ sí Èkó.

Ibí yìí ni ìyàtọ̀ tí a mẹ́nu bà lẹ́ẹ̀kan ti hàn. Kò sí ilé ìgbìmọ̀ tí ó jókòó ní Ìbìní ní ọjọ́ kejì láti dìbò. Àìdásí náà kò di ìdásí nípa ìpinnu ẹnikẹ́ni. Ó kàn fọ́ ni, bí ìgbà tí ìkòkò bọ́ lọ́wọ́ ẹni. Àwọn ará Àárín Ìwọ̀ Oòrùn jí, wọ́n sì bá ara wọn nínú Biafra.

Ẹni tí ó ṣáájú ogun náà kì í ṣe Ìgbò. Victor Adébùkúnọ́lá Bánjọ ni, ọmọ Ìjẹ̀bú. Láti oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún 1966 ni wọ́n ti fẹ̀sùn kàn án pé ó fẹ́ pa Ironsi, wọ́n sì fi sẹ́wọ̀n ní Ìlà Oòrùn, níbi tí Ojukwu ti wá tú u sílẹ̀. Ní ọjọ́ 14, oṣù Ògún, ó sọ̀rọ̀ lórí rédíò ní Ìbìní pé ogun ìdáǹdè ni àwọn ń jà, pé kì í ṣe láti fi Ìgbò jọba lórí ẹnikẹ́ni. Ó rò pé Ìwọ̀ Oòrùn yóò dìde pàdé òun. Wọlé Ṣóyínká, tí ó ti rí Ojukwu àti Bánjọ, gbé iṣẹ́ Bánjọ dé ọ̀dọ̀ Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́, ọ̀gá ọmọ ogun ní Ìbàdàn nígbà náà. Àwọn méjèèjì ti kọ ìwé lórí ọ̀rọ̀ yìí, ẹnu wọn kò sì kò lórí ohun gbogbo. Ohun tí kò ní àríyànjiyàn ni pé Ọbásanjọ́ kò dara pọ̀ mọ́ Bánjọ, wọ́n sì ti Ṣóyínká mọ́lé fún ọdún méjì ó lé.

Bánjọ lo ọ̀pọ̀ ọjọ́ ní Ìbìní kí àwọn èèyàn rẹ̀ tó kọrí sí ìwọ̀ oòrùn. Nígbà tí wọ́n fi dé Ọ̀rẹ̀, láàrin oṣù Ògún, nǹkan bí 100 kìlómítà sí Ìbìní, ọmọ ogun àpapọ̀ ti sáré kó ara jọ níwájú wọn. Wọ́n ti dá ẹgbẹ́ ọmọ ogun kejì sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀ lábẹ́ Murtala Muhammed. Ìjà náà le tó bẹ́ẹ̀ tí orúkọ rẹ̀ fi wọ inú àṣà ìsọ̀rọ̀ Yorùbá: títí di òní, ẹni tí nǹkan bá le fún lè sọ pé “ó le kú, ìjà Ọ̀rẹ̀”. Àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n ń sọ ọ́ kì í sábà mọ̀ pé ibi tí wọ́n ń gbà kọjá nínú ọkọ̀ Èkó sí Ìbìní ni.

Ìdí tí Ìwọ̀ Oòrùn fi yí padà

Èyí ni ó ṣòroó ṣàlàyé jù, òun sì ni ó yẹ kí olùkọ́ dúró lé. Ní oṣù Èbìbì, Ìwọ̀ Oòrùn ń sọ pé òun lè bá Ìlà Oòrùn jáde. Ní oṣù Ògún, ó di ibi tí wọ́n ti dá Ìlà Oòrùn dúró. Àwọn kan ń sọ pé ipò tí Awólọ́wọ̀ gbà ni ó fà á. Òótọ́ wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n kò tó. Wíwọ inú ìjọba kò túmọ̀ sí pé àwọn ará ìlú ṣe tán láti jà. Adébáyọ̀ fúnra rẹ̀ ti kìlọ̀ ṣáájú ogun nípa ìparun tí lílo agbára yóò mú wá.

Ohun tí ìkọlù náà ṣe ni pé ó pa àyè àárín rẹ́. Títí di ọjọ́ 8, oṣù Ògún, ẹnikẹ́ni ní Ìbàdàn tàbí Ìkẹ́rẹ́ lè jiyàn pé ohun tí Biafra ń wá kò ju kí wọ́n fi òun sílẹ̀ lọ. Láti ọjọ́ kejì, ìyẹn kò ṣeé sọ mọ́. Ẹni tí ó ní ohun ń gbèjà ara òun ti kọjá odò, ó ti já lu ẹni tí ó kọ̀ láti bá a jà, ó sì ti ń bọ̀ lójú ọ̀nà ilé wa. Ọ̀rọ̀ orí rédíò kò lè tú u. Ẹni tí Ojukwu fi ṣe olórí Ìbìní, Albert Okonkwo, tún jẹ́ ẹni tí ń sọ èdè Ìgbò, èyí sì mú kí ìlérí Bánjọ dà bí ẹ̀tàn létí àwọn Edo àti Yorùbá. Ìjọba àpapọ̀ náà kò pè é ní iṣẹ́ ọlọ́pàá mọ́. Gowon kéde pé ogun gidi ló dé.

A gbọ́dọ̀ gbọ́ ẹjọ́ ẹnìkejì pẹ̀lú. Àwọn tí ń gbèjà Biafra sọ pé àìdásí Ejoor kò lè pẹ́, pé Èkó kò bá gba ibẹ̀ kọjá lónìí tàbí lọ́la, pé ẹni tí ó bá kọ́kọ́ dé ni yóò jèrè. Ó ṣeé ṣe kí ó rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ní ti ìṣirò ogun nìkan, wọ́n pàdánù ju ohun tí wọ́n jèrè lọ. Agbègbè tí ó ti jẹ́ ògiri láàrin Enugu àti Èkó di ojú ọ̀nà tí Murtala gbà dé etí Odò Ọya.

Ohun tí ó gbẹ̀yìn rẹ̀

Ní ọjọ́ 19, oṣù Ọwẹ́wẹ̀, Okonkwo kéde pé Àárín Ìwọ̀ Oòrùn ti di orílẹ̀-èdè olómìnira. Ní ọjọ́ 20, ọmọ ogun àpapọ̀ gba Ìbìní padà. Ọjọ́ kan ni orílẹ̀-èdè náà lò láyé. Ní ọjọ́ 22, Ojukwu ní kí wọ́n yìnbọn pa Bánjọ, Emmanuel Ifeajuna, Philip Alale àti Sam Agbam ní Enugu lórí ẹ̀sùn pé wọ́n dìtẹ̀ mọ́ òun.

Àwọn tí wọ́n san gbèsè ìkọlù náà jù kò sí nínú orúkọ tí a dá wọ̀nyí. Nígbà tí ọmọ ogun àpapọ̀ padà wọlé, wọ́n pa ọ̀pọ̀ Ìgbò ní Ìbìní àti àwọn ìlú mìíràn, àwọn ará ìlú kan sì bá wọn lọ́wọ́ sí i. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Ọ̀wàrà, ní Àsábà, wọ́n pa ọkùnrin àti ọmọdékùnrin tí wọn kò gbé ìbọn. Ìwádìí tí Elizabeth Bird àti Fraser Ottanelli tẹ̀ jáde ní ọdún 2017 fi hàn pé wọ́n tó 500, ó sì ṣeé ṣe kí wọ́n tó 1,000. Àwọn ará ìlú ti jáde pẹ̀lú aṣọ funfun, wọ́n ń jó, wọ́n ń sọ pé Nàìjíríà kan ni àwọn fẹ́. Àárín Ìwọ̀ Oòrùn ni Àsábà wà, kì í ṣe Biafra. Àwọn ni wọ́n kọ́kọ́ rí ọkọ̀ àwọn tí wọ́n já lu agbègbè wọn. Àwọn náà ni ẹni tí ó wá lé wọn lọ tún bínú sí.

Ìtàn yìí nínú kíláàsì

Láti nǹkan bí ọdún 2009 ni ìjọba àpapọ̀ ti yọ ẹ̀kọ́ ìtàn kúrò nínú ètò ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀, kí wọ́n tó wá ṣètò láti dá a padà. Nítorí náà, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ń kọ́ṣẹ́ olùkọ́ báyìí ni wọn kò gbọ́ orúkọ Ejoor rí. Ìmọ̀ràn wa ni pé kí olùkọ́ ní Ìkẹ́rẹ́, Ìsẹ̀ tàbí Emùré má bẹ̀rẹ̀ láti Enugu. Kí ó gbé àwòrán ilẹ̀ kalẹ̀, kí àwọn ọmọ fi ìka tọ ọ̀nà Ìbìní sí Ọ̀rẹ̀, Ọ̀rẹ̀ sí Oǹdó, Oǹdó sí Àkúrẹ́. Lẹ́yìn náà kí wọ́n tọ èkejì, Ìbìní sí Ìfọ̀n, Ìfọ̀n sí Ọ̀wọ̀, kí wọ́n sì wo bí Ọ̀wọ̀ ti súnmọ́ Emùré tó. Kí ó wá ní kí wọ́n lọ bi àwọn àgbà tí wọ́n ti tó ọmọ ọdún mẹ́wàá ní 1967 léèrè ohun tí wọ́n gbọ́ ní oṣù Ògún ọdún náà, ẹni tí ó kó ẹrù, ẹni tí kò kó, àti ohun tí wọ́n ń rò nípa àwọn Ìgbò tí wọ́n jọ ń gbé àdúgbò. Ìbéèrè tí ó gbẹ̀yìn yìí gba ìfarabalẹ̀. Ọmọ Ìgbò lè wà nínú kíláàsì náà, tí bàbá àgbà rẹ̀ wà ní Àsábà tàbí ní Agbor. Ìdáhùn tirẹ̀ náà yẹ kí ó wọ inú ìwé tí kíláàsì yóò kọ. Àwọn tí wọ́n lè dáhùn kò pọ̀ mọ́, ẹni tí ó kéré jù nínú wọn sì ti lé ní ọgọ́ta ọdún.